Orin tí Adakplamè Gbè láti Ẹ̀yìn Ògiri

Nọ́ọ̀sì ti nawọ́ láti gba míkírò, ẹ̀rọ tí mo fi ń gbóhùn sókè, lọ́wọ́ mi. Ọ̀sán gangan ni, lójú gbogbo abúlé Adakplamè. Inú bí mi. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọrin káàkiri agbègbè Kétu, kò sí ẹni tó gba míkírò lẹ́nu mi rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀. Nínú iṣẹ́ tiwa, èmi ni mo ń lé orin, àwọn obìnrin mẹ́ta sì ń gbè é. Ẹni tó bá ń lé orin láìsí ègbè, ariwo lásán ló ń pa. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, a máa ń ṣeré ní búfẹ́ẹ̀tì Tàǹtí Sẹsílíà, ilé ọtí kékeré tí kò ní ju bẹ́ńṣì mẹ́fà àti igi máńgòrò kan lọ. Nígbà tí Kòrónà dé, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má pàtẹ eré mọ́. Tàǹtí ti ilẹ̀kùn rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìsìnkú tí wọ́n ti ń pè wá kọrin di ti èèyàn díẹ̀, láìsí orin. Àwọn elégbè mi gba oko lọ ní Okpomèta. Èmi náà gbá ọkọ́ mú, àmọ́ kí n má parọ́, ẹkún ni mo fi ń kọ ebè. Ẹ̀rù ń bà mí pé iṣẹ́ mi ti parí nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wa fi wá bá mi.

“Ìyá Jùsítínì, gbogbo abúlé ló mọ ohùn yín. Ẹ bá wa ka pàpíyé yìí fún wọn.”

Ẹ fọ ọwọ́, ẹ lo ìbòmú, ẹ má kóra jọ: ohun tó wà nínú ìwé náà nìyẹn. Ó gbé míkírò fún mi, a sì ń lọ láti abúlé dé abúlé. Mo kà á ní abúlé àkọ́kọ́, ewúrẹ́ nìkan ló dá mi lóhùn. Nígbà tí a dé Adakplamè, mo sọ ọ́ di orin. Àṣìṣe mi ni pé mo fi ègbè sí i. Kí n tó lé e lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo ilé ti tú síta, wọ́n fara kanra, wọ́n ń jó, wọ́n ń gbè pé, “A ò ní kóra jọ o!”

“Ìyá, pàpíyé ni mo fún yín, n kò ní kí ẹ ṣeré!” Nọ́ọ̀sì nawọ́ sí míkírò.

“Nọ́ọ̀sì, fún mi ní ìṣẹ́jú kan.”

Mo lé orin náà dé ibi tó dùn jù, mo sì dákẹ́. Wọ́n ń wò mí.

“Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìyókù, kó lọ máa gbè é nínú ilé rẹ̀.”

Bàbá àgbàlagbà kan bú sẹ́rìn-ín. “Ìyá Jùsítínì, o mà burú o!” Òun ló kọ́kọ́ wọlé. N kò yanu títí ìta fi dá páropáro.

Nígbà náà ni mo lé e. Ègbè dé láti ẹ̀yìn ògiri, láti ilé ìdáná, láti àwọn àgbàlá tí n kò lè rí. Elégbè mẹ́ta ni mo ti ń ní látọjọ́ yìí; lọ́jọ́ yẹn, odindi abúlé ni. Mo gbéra ga, n kò sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ mi kò tíì parí.

Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi. Ìbòmú nọ́ọ̀sì ń mì sókè sódò. Òun náà ń gbè é.