Wọ́n Ní Kí N Wá Síbi Ìsìnkú Ìbùkún

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ ohun tójú mi rí fún yín. Bí mo bá dánu dúró láàárín, ẹ má bínú, ẹkún ni.

Àwa ìyá ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí l'Ẹ́dẹ la kó oúnjẹ lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí kan l'Óṣogbo. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Ìbùkún. Ọmọ ọdún méjì ni, kò tíì rìn, ó ní ohun tí àwọn dókítà ń pè ní Down syndrome, tí wọ́n ń bí mọ́ ọmọ, tí kì í jẹ́ kó tètè dàgbà bí ẹgbẹ́ ẹ̀. Ó fa gèlè bọ́ lórí mi, ó sì bú sẹ́rìn-ín! Ta ló lè bínú sí irú ẹ̀?

Mo sọ fún ọkọ mi. Tíṣà ni, kì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó ní ká gbààwẹ̀. Lẹ́yìn ààwẹ̀, òun gan-an ló ní Jésù ló ń kan ilẹ̀kùn wa, a ò sì gbọ́dọ̀ tì í mọ́ta. Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí kóòtù nìyẹn, ká lè gbà á ṣọmọ.

Màmá ọkọ mi, tí wọ́n ń gbé l'Álájùé níbí l'Ẹ́dẹ, ò fara mọ́ ọn rárá. Wọ́n ní ṣé àwa tí Ọlọ́run fún lọ́mọ mẹ́ta tún fẹ́ fọwọ́ ara wa fa wàhálà ni? Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀, àfi bí ẹni ń yín àgbàdo sẹ́yìn igbá. Tá a bá gba àyè mú Ìbùkún wálé wá kí wa, wọn kì í gbé e.

Ihò wà lára ọkàn ọmọ náà, a sì mọ̀. Ó ku kí adájọ́ fọwọ́ síwèé ni ọyẹ́ dé, ikọ́ bá kọ lù ú. Wọ́n pè mí láti ilé ọmọ aláìlóbìí náà, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ. Mo rò pé ìwé ló jáde, mo ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó gbé fóònù. Ìbùkún ti lọ.

Ó dùn mí dé egungun. Àwọn tó ń tù mí nínú tún dá kún un: wọ́n ní kí n dúpẹ́ pé ìwé ò tíì jáde, wọ́n ní ọmọ mi ṣáà kọ́. Àwọn ará ilé ọmọ aláìlóbìí náà pè, wọ́n ní níwọ̀n bí a ò ti tíì di òbí ẹ̀ lábẹ́ òfin, a lè wá síbi ìsìnkú. Inú rere ni wọ́n fi sọ ọ́. Mo bá wọṣọ.

Mò ń wá bàtà mi nígbà tí Màmá wọlé. Wọ́n bi mí níbi tí mò ń lọ, mo sọ fún wọn. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò jẹ́ kí n kọjá.

"Orí ẹ pé ṣá? Jókòó, ìyàwó mi. Ìyá kì í fojú rí sàréè ọmọ ẹ̀."

Gbogbo ayé ló ti sọ fún mi pé èmi kọ́ ni ìyá ẹ̀, tó fi jẹ́ pé èmi náà gbàgbé èèwọ̀! Mo wó lulẹ̀ síbẹ̀, mo sunkún tí mi ò tíì sun láti ọjọ́ tí wọ́n ti pè mí. Màmá jókòó tì mí, àwọn náà ń sunkún. Ọkọ mi náà ò lọ. A jókòó sílé, bí òbí ṣe ń ṣe.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ò pọ̀. Bí ẹnì kan bá pàdánù ọmọ tó ti gbà sọ́kàn, ẹ má bi í bóyá ìwé ti jáde. Ẹ kí i bí ẹ ṣe ń kí abiyamọ tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ọlọ́run ló rán wa níṣẹ́ yẹn. Mi ò mọ ìdí tó fi gbà á lọ́wọ́ wa, mi ò sì ní purọ́ fún yín pé mo mọ̀ ọ́n.

Ṣé ó ti ṣe ẹnikẹ́ni nínú yín rí, kí ọmọ kú fún un, kí wọ́n ní kì í ṣe tiẹ̀? Ẹ kọ orúkọ ọmọ náà sísàlẹ̀ níbí, ká bá yín pè é.

Tèmi ń jẹ́ Ìbùkún.