Búlọ́ọ̀kù Ìyá Mi, Èlé Bàbá Mi

Mo rántí ìgbà tí ilé wa ní Ìdímù máa ń pa lọ́lọ́ nítorí pé bàbá mi fẹ́ gbọ́ lórí rédíò ibi tí báńkì àpapọ̀ gbé èlé dé. Olùkọ́ ni, ará Èkìtì. Ó gbà pé bí èlé bá lọ sókè, owó kò ní pọ̀ jù nígboro mọ́, ọjà á rọlẹ̀, owó ilé kíkọ́ tí òun àti ìyá mi ń kó jọ sí báńkì á sì lérè. Èmi tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ ọrọ̀ ajé ní yunifásítì nígbà náà ni agbẹjọ́rò rẹ̀. Mi ò tíì ra àpò simẹ́ńtì kan rí, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí mi ò mọ̀.

Búlọ́ọ̀kù ni ìyá mi fẹ́. A ní ilẹ̀ ní Egan, gbogbo àwọn tó ní ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa ló sì ń to búlọ́ọ̀kù jọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á kí bàbá mi má lọ fẹ̀yìn tì sínú ilé àyágbé tí a wà ní Ìdímù.

“Dádì, simẹ́ńtì ò gbọ́ rédíò o,” ni ìyá mi wí níjọ́ kan.

“Màmá, ṣe sùúrù. Tí gbogbo wa bá sọ owó di búlọ́ọ̀kù, kí ni báńkì á yá ẹni tó fẹ́ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀? Níbo làwọn ọmọ wa á ti ríṣẹ́?”

“Ṣé àwa nìkan la máa fi owó wa tún Nàìjíríà ṣe ni? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ríbi forí pamọ́ sí, jàre.”

Àgbà tó ní sùúrù, ohun gbogbo ló ní, ṣùgbọ́n ọjà kò bá bàbá mi ṣe sùúrù. Èlé ń ga, simẹ́ńtì ń ga jù ú lọ. Nígbà tó yá, ìyá mi gba ìpín tirẹ̀, ó fi ra búlọ́ọ̀kù. Ní ọjọ́ Sátidé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta a máa lọ fa koríko tu nídìí rẹ̀, a ó jókòó lé e, a ó máa jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà. Mi ò mọ̀ pé ayé ń dùn mọ́ mi nígbà yẹn. Yàrá méjì ló jáde nínú búlọ́ọ̀kù náà. Owó bàbá mi tó kù ní báńkì, ilẹ̀kùn àti fèrèsé nìkan ló tó rà, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ibẹ̀ ló fẹ̀yìn tì sí, ibẹ̀ náà ló kú sí. Lónìí, owó tèmi kì í pẹ́ ní báńkì kó tó di búlọ́ọ̀kù. Àwọn ọmọ mi máa ń bi mí pé nínú àwọn òbí mi, ta ló jàre. Mo ń sọ fún wọn pé ìyá mi ni, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí. Ìlú tí bàbá mi ì bá ti jàre ló wù mí kí wọ́n dàgbà sí.