Ìpàdé Iwájú Ilé Baálẹ̀

Mi ò kẹ́kọ̀ọ́ òfin. Bébà àti bírò ni mò ń tà l'Ọ́jà-Ọba, ṣùgbọ́n kò sí ìwé kan lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé tí mo rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí mi ò tẹ̀ jáde, kí n fi òwú gán an pọ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ àgbáyé ńlá kan fẹ́ yá ìjọba lówó fún títì tí yóò gba abúlé kan lẹ́yìn Ìlọrin, mo ti mọ ìlànà wọn sórí. Ojú ewé kẹtàlélógójì, ìlà kẹfà: kí wọ́n gbọ́ tẹnu àwọn ọmọdé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, níbi tí ọmọ kò ti ní bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Mo fi bírò pupa fàlà sí i nídìí. Mo lọ bá wọn ní ọ́fíìsì wọn ní GRA, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn ṣètò rẹ̀. Wọ́n gbà.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìpàdé, mo bá àwọn ọmọ náà nínú oko ẹ̀pà. Títì náà máa wó ilé-ìwé wọn, wọ́n á sì kọ́ òmíràn sí òdìkejì títì. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mọ́kànlá kan ló sọ̀rọ̀ jù.

"Àǹtí, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n gbé títì wọn gba ẹ̀yìn odò. Bàbá mi ò ní jẹ́ kí n sọdá níwájú tírélà láéláé."

"Ìwọ lo fẹ́ kọ́ òyìnbó ní títì?" Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Màá kọ́ wọn. Kí wọ́n ṣáà ti má tẹ ẹ̀pà wa mọ́lẹ̀."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, ṣùgbọ́n fóòmù tí ilé-iṣẹ́ náà fún mi sọ pé òṣìṣẹ́ wọn gbọ́dọ̀ fi etí ara rẹ̀ gbọ́.

Lọ́jọ́ ìpàdé, èmi ni mo ní kí wọ́n tẹ́ ẹní síwájú ilé baálẹ̀. Àlejò kì í wọ abúlé kó má kọ́kọ́ kí baálẹ̀, mo sì rò pé nígbà tí a ti débẹ̀, kí a kúkú ṣe é níbẹ̀. Baálẹ̀ jókòó, alfa àgbà jókòó, bàbá ọmọbìnrin náà dúró lẹ́yìn wọn. Òṣìṣẹ́ náà bi ọmọ náà pé ṣé ó fara mọ́ títì yìí.

Ọmọ náà kúnlẹ̀. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wò mí.

"Dá àwọn àlejò wa lóhùn, ọmọ mi," ni baálẹ̀ wí.

"A dúpẹ́, sà. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí i."

Wọ́n ṣe àmín. Òṣìṣẹ́ náà kọ ọ́ pé àwọn ọmọ gbà. Ta ni ò mọ̀ pé ọmọ tí a kọ́ dáadáa kò ní sọ pé rárá fún àlejò níṣojú bàbá rẹ̀? Èmi tí mo ń tọ́ ọmọ mẹ́ta ní àdúgbò Basin mọ̀ ọ́n. Mo sún mọ́ òṣìṣẹ́ náà, mo ní ìkíni lásán lọmọ yẹn kí i.

"Madam, ẹ̀yin lẹ ní ká ṣe é níbí. Ẹ sì ti sáìnì fóòmù ká tó bẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀wé sí olú ilé-iṣẹ́ wọn. Èsì kan ṣoṣo ló dé. Wọ́n yìn mí, wọ́n ní a tẹ̀ lé ìlànà pérépéré, wọ́n sì so ẹ̀dà fóòmù mọ́ ọn. Orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Mo padà lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti da ọ̀dà tán. Àtàláátà ni, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ọmọ náà wà létí títì, ó gbé igbá ẹ̀pà sísè síwájú. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń kàwé lódìkejì.

"Ṣé o ti ń lọ síléèwé tuntun?"

Ó kúnlẹ̀. "A dúpẹ́, mà."

Tírélà méjì kọjá. Mo fi ẹsẹ̀ wọn ìbú títì náà: ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlélógún. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, ṣùgbọ́n mi ò mọ ẹni tí màá fi hàn mọ́.