Èmi àti Òkú La Jọ Mú Ìdáhùn Kan Náà

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó kọ́kọ́ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Wọn ò sọ ọ́ fún mi o. Èmi yìí ni mo jókòó tì í, tí èjìká mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tirẹ̀, nílùú Abẹ́òkúta, lọ́sàn-án gangan.

Ayé ìjọba alágbádá ni, nígbà tí ìdánwò àtiwọ yunifásítì ṣì jẹ́ tuntun lójú wa. Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo máa ṣe é nìyẹn. Oníṣòwò aṣọ ni bàbá mi ní Ìjemò, Mùsùlùmí tí kì í tún ọ̀rọ̀ sọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà wọ́n ní, "Dókítà tí o fẹ́ dà yìí, èyí ni ìgbẹ̀yìn. Bí kò bá bọ́ sí i, wá bá mi jókòó sí ìsọ̀."

Ìsọ̀ ò burú. Ọkàn mi ni kò sí níbẹ̀.

A ṣe ìdánwò tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ẹ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í lọ sílé. A kó ara wa jọ síbi òjìji àpáta ńlá tó wà lẹ́yìn ilé ìwé. Káyọ̀dé tí à ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ló sọ ara rẹ̀ di alága.

"Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti inú ẹ̀dọ̀fóró wá sínú ọkàn ńkọ́? Kí lẹ mú?"

"B! Iṣan àlọ!" Gbogbo wọn pariwo.

Mo ní, "D ni mo mú. Iṣan àbọ̀."

"Yéè! Ọmọbìnrin Alájì!" Ọ̀jọ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́. "Iṣan àlọ kọ́ ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ tó mọ́? Tó o bá dé ìsọ̀, jọ̀ọ́, bá wa dín owó ààbọ̀ ọ̀pá aṣọ ṣítà kù o!"

Ẹ̀rín sọ. Ó bọ́ sórí ìbéèrè mìíràn, èmi nìkan ni mo tún yàtọ̀. Ó tún kan òmíràn, bákan náà.

Ohùn kan wá jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, jẹ́ẹ́jẹ́.

"D lèmi náà mú."

Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi. Ọmọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Mo rò pé inú yàrá ìdánwò kejì ló ti wá. Ó ní, "Wọn ò bi wá bóyá ẹ̀jẹ̀ náà mọ́. Ọ̀nà tó gbà padà sínú ọkàn ni wọ́n bi wá."

Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ohun tí mo bá mú, òun náà ló mú. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí àwa méjèèjì kúkú lọ fẹ́ra, ká jọ máa ta aṣọ.

Ẹ gbọ́ nǹkan kan o. Gbogbo wa ló ń làágùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lódò. Ara tirẹ̀ gbẹ. Pẹ́ńsù ọwọ́ rẹ̀ sì mú ṣóńṣó, bíi pé kò tíì kan ìwé rí. Mo rí i. Mi ò kàn fi ṣe nǹkan kan ni.

Mo ní, "N ó kúkú sọ fún bàbá mi lónìí pé mo ti kùnà."

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Má sọ ọ́. Dúró de èsì. Èmi náà ti ń retí ẹ̀ tipẹ́."

Ibẹ̀ ni Ṣẹ́gun, ọmọ Ọ̀fàdà tí a jọ kàwé, ti dé pẹ̀lú ẹ̀pà lọ́wọ́. Ó wò wá. Ẹ̀pà já bọ́. Ó gbá ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Dìde," ó sọ ọ́ sí mi létí. "Rọra dìde."

"Kí ló dé?"

"Àlàbí nìyẹn. Ibà pa á nígbà tí ìdánwò èṣí ku ọ̀la. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin ín."

Ọmọkùnrin náà gbọ́. Kò bínú. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó borí, ó dìde, ó sì rọra gba ẹ̀yìn àpáta lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń ṣe akin sáré tẹ̀ lé e. Ẹ gbà mí gbọ́, kò sí ọ̀nà lẹ́yìn àpáta yẹn, alángbá nìkan ló ń mirí níbẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo ló kù lẹ́sẹ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n nígbà tó sá padà.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ bá mi rìn délé. Wọ́n ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá ti òkú mu, ibo ló ń lọ? Bí orí bá fọ́ mi, mo máa ń rò pé ikú ti dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò sọ fún bàbá mi pé mo ti kùnà.

Èsì dé. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo yege! Mo yege débi pé bàbá mi, tí kì í tún ọ̀rọ̀ sọ, ń tún un sọ láti ojúlé dé ojúlé: "Ọmọ mi ń lọ kọ́ṣẹ́ dókítà! Mo ní ọmọ mi ń lọ kọ́ṣẹ́ dókítà!" Ọ̀jọ̀gbọ́n kò wọlé lọ́dún yẹn.

Mo ní kí Ṣẹ́gun mú mi lọ sí Ọ̀fàdà. Ìyá Àlàbí ń fẹ́ ìrẹsì lójúde nígbà tí a dé. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà." Mo rò ó fún wọn. Wọn ò sunkún. Wọ́n gbé atẹ sílẹ̀.

"Ìwọ yege, àbí?"

"Mo yege, mà."

"Gbogbo ẹ̀ pátá lẹ jọ mú bákan náà?"

"Gbogbo èyí tá a yẹ̀ wò, mà."

"Ọmọ mi náà yege nìyẹn!"

Ìyá bá tún ìró wọn ró, wọ́n ké, "Ẹ bá mi yọ̀ o! Àlàbí ti wọ yunifásítì!" Wọ́n ń jó lórí èèpo ìrẹsì, àwọn ará ilé jáde, àwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Ibi tí Àlàbí wà báyìí, mi ò mọ̀. Wọ́n ní irú òkú bẹ́ẹ̀ máa ń lọ gbé ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wọ́n. Bóyá ó ń tọ́jú aláìsàn níbì kan.

Nítorí náà, bí ẹ bá jáde ìdánwò, tí àjèjì kan sì ń bá yín mú ìdáhùn kan náà, ẹ má ṣe bi í pé ọmọ ta ni. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa lọ sílé.