Òróró Abẹ́ Mọ́tò Pupa

Mọ́tò pupa yẹn ń rí mi lára títí dòní.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló rà á. Láti ìgbà tá a wà lọ́mọdé ní Ajégúnlẹ̀ ló ti rí irú rẹ̀ tí wọ́n ń já kúrò nínú ọkọ̀ òkun ní Àpápá: mọ́tò eré ìje tí kò lórùlé, tó lúgọ mọ́lẹ̀ bí ológbò. Ó ní òun á wa irú rẹ̀ kí òun tó kú. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, dókítà sọ fún un pé ojú rẹ̀ méjèèjì ń bàjẹ́ lọ, pé kò ní pẹ́ tí kò fi ní lè wakọ̀ mọ́. Bó ṣe di pé a ń sáré wá mọ́tò kiri nìyẹn.

Ojúlówó rẹ̀ ò sí níbì kankan mọ́. Àfarawé ló kù, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń fi fáíbà mọ ara rẹ̀, tí wọ́n á wá ki ẹ́ńjìnnì mọ́tò mìíràn bọ̀ ọ́ nínú. A rí méjì. Èyí tó wà ní ibùdókọ̀ Coconut ò tíì ní ọ̀dà lára, kò sì wuni, ṣùgbọ́n inú mọ́tò kan ṣoṣo ni wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì, jíà àti irin tó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Wọ́n ti mọwọ́ ara wọn. Èyí tó wà nínú ilé ìkẹ́rù kan ní Warehouse Road ń dán bíi dígí. Mo na gbalaja sílẹ̀, mo wo abẹ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ibìkan, jíà ibòmíràn, wọ́n kàn jó wọn pọ̀ jákujàku. Wọ́n wá fi kẹrosíìnì fọ gbogbo rẹ̀, wọ́n kùn ún ní dúdú. Mo dìde, mo kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Bọ̀dá mi, ẹni tó fọ ẹ́ńjìnnì kó tó tà á, ó ní ohun tó ń fi pamọ́. Ẹ jẹ́ ká wà á wò."

Ọlọ́jà fò sókè. "Haba, Aunty! Ẹ má bà mí lọ́jà jẹ́ now. Na correct motor be dis!"

Ẹ̀gbọ́n mi ò tiẹ̀ wojú mi. Ó ń fọwọ́ pa ìlẹ̀kùn pupa náà lára. "Wà á wò kẹ̀? Kí pásítọ̀ tó gbàdúrà sí i? Ìwọ náà mọ̀ pé a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílé wa."

Òótọ́ ni, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rán an létí pé aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá. Etí ikún ló kọ sí mi.

Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé e wá sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ Ìsinmi, kí ẹnikẹ́ni má baà wà á ṣíwájú àdúrà. Pásítọ̀ da òróró ólífì sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìjọ ń ṣe àmín. Kò pẹ́, òróró bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí sìmẹ́ńtì lábẹ́ mọ́tò. Ìyá kan figbe ta: "Ẹ wò ó! Ó ti kún àkúnwọ́sílẹ̀!" Wọ́n bú sórin. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ó fi ìka méjì kàn án, ó fi pa ìpéǹpéjú rẹ̀ méjèèjì.

Mo gbọ́ òórùn rẹ̀ níbi tí mo dúró sí. Òróró jíà ni, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Inú bí mi. Mo tú gèlè mi, mo fi ń nu ojú rẹ̀.

"Àbúrò mi, kí ló ń rùn báyìí?"

"Jíà yín ni."

Ó wọ inú mọ́tò, ó ṣíná sí i, ó ki jíà bọ̀ ọ́. Mọ́tò ń lọgun lásán, kò kúrò lójú kan. Ó di sítíárín mú, ojú rẹ̀ pọ́n kankan, ó ní kí wọ́n ti òun. Àwọn ọkùnrin ìjọ tì í yí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì po lẹ́ẹ̀kan.

Ìwakọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Kò tún wa òmíràn kí ojú rẹ̀ tó fọ́.