Ọ̀kadà mi ò dún mọ́

Mo délé lónìí, ìyá mi ò mọ̀.

Ọ̀kadà ni mò ń gùn, láti Ìrè sí Ìkọ̀lé. Ní ìrọ̀lẹ́, tí màmá bá ti gbọ́ ìró ọ̀kadà mi lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì, ìgbà náà ló máa ń kó iṣu sódó, kí n lè bá iyán ní gbígbóná.

Àárọ̀ yìí ni mo gba ọ̀kadà oníbátìrì, èyí tí kì í pariwo. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ti fi kọ́ wa bí a ṣe ń ṣáàjì ẹ̀ àti bí a ṣe ń pààrọ̀ bátìrì. Mo rò pé mo ti mọ gbogbo ẹ̀.

Mo wọlé wẹ́rẹ́. Màmá jókòó ti odó, ó kẹ̀yìn sí mi. Iṣu ti jinná, ó dé e mọ́ inú ìkòkò.

Aládùúgbò wa ní, "Ẹ gún un nígbà náà, ilẹ̀ ti ń ṣú."

Màmá ní, "Mi ò tíì gbọ́ ọ̀kadà ọmọ mi. Uyán tútù kọ́ ni mo máa fún un jẹ."

Èmi tí mo ti ń rò pé ariwo yẹn ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Mo ní, "Màmi, mo ti dé."

Ó yíjú, ó wo ọ̀kadà náà títí. Ó wọ yàrá lọ, ó gbé aago kẹ̀kẹ́ bàbá mi tó ti di olóògbé jáde.

"Dè é mọ́ ọn. Òun ni mo fi ń mọ̀ pé bàbá rẹ ti dé."

Tẹ́ ẹ bá gbọ́ aago kẹ̀kẹ́ lára ọ̀kadà lọ́la, èmi ni. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Ìró kí ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹ̀yin ti délé?