Ọwọ́ Tó Ń Gbọ̀n

Má-mira ni wọ́n ń pè é. Fọ́tò páásípọ́ọ̀tù ló ń yà, ogójì ọdún gbáko. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá jókòó síwájú rẹ̀ ló di orúkọ mọ́ ọn lára.

Lọ́dún tó kọjá, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó gbé kámẹ́rà lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ìka tó fi ń tẹ̀ ẹ́ ṣì ń mì ín. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n dá fọ́tò èèyàn mẹ́rin padà torí pé ojú wọn ò hàn ketekete. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ṣojú abẹ níkòó.

"Bàbá, tó bá di Sátidé, ẹ ó gbé kámẹ́rà fún mi. Ẹ lọ sinmi."

Bàbá ò jiyàn. Ṣùgbọ́n sinmi kẹ̀? Kí ni yóò máa fi ojú ṣe?

Lọ́jọ́ Ajé, ó ya àwọn ike tí wọ́n tò síwájú ìsọ̀ òdìkejì. Ọwọ́ mì, fọ́tò náà bàjẹ́. Ó fẹ́ pa á rẹ́, ló bá tún un wò. Pupa ti fà wọnú búlúù, yẹ́lò ń ru gùdù bí omi.

Bó ṣe di pé ó ń kọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ nìyẹn, bí ẹni ń kọ́ṣẹ́. Láàárọ̀, ìgbì tí gbígbọ̀n rẹ̀ ń dá sínú fọ́tò a máa kéré. Tó bá gun àtẹ̀gùn, a máa fẹ̀. Nígbà tó wá ìgbì ńlá, ó gun àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn.

Télọ̀ ìsàlẹ̀ pariwo: "Bàbá, ta ló ń lé yín?"

"Àwọ̀ ni."

Sátidé pé. Ọmọ dé, ó bá fọ́tò mọ́kànlá lára ògiri: kò sí ojú, kò sí etí, àwọ̀ ṣáá. Kò tíì la ẹnu tí télọ̀ fi yọjú.

"Áà! Aṣọ wo nìyí? Èló ni ọ̀pá kan?"

"Fọ́tò ni."

"Fọ́tò kí ni?"

"Ike."

"Ẹ má parọ́ fún mi, Bàbá!" Télọ̀ fọwọ́ pa á, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ bá mi tẹ ọ̀kan tó tóbi. Màá gbé e kọ́ sí ìsọ̀."

Ọmọ ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo àwọn fọ́tò náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀rọ wo lẹ fi ṣe é?"

"Ọwọ́ mi."

"Ẹ ṣe é kí n rí i."

Bàbá dojú kámẹ́rà kọ okùn ìwọ̀n tó wà lọ́rùn télọ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Ọmọ wo ohun tó jáde.

"Èmi ni n ó máa ya páásípọ́ọ̀tù. Màá wá kámẹ́rà tèmi. Ẹ mú ìyẹn lọ́wọ́."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ẹ tètè máa lọ kí n tó yíhùn padà!"

Bàbá dìde, ó gbé kámẹ́rà kọ́rùn, ó jáde.